Iwájú Ọkọ̀ Bàámi

Bọ́ńpà tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun,
ọ̀nà Mámù ti jẹ ẹ́ tán kí n tó mọ̀wé.
Èyí tí Bàámi rà ní Ṣágámù lẹ́yìn náà,
páànù lásán ni, ọ̀dà ni wọ́n fi tàn wá.
Kùkùté kan ṣoṣo ló fẹnu kò ó lẹ́nu
ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sódò,
ó ká kò bí ewé kókò tí oòrùn pa,
ó sì ká ẹsẹ̀ ọ̀tún Múkáílà mọ́nú.

Oṣù mẹ́rin ni Múkáílà fi wà nílé oníṣègùn eegun l'Ójòwò.
Bàámi kò gbé gẹdú, kò bá ẹnikẹ́ni jà,
ó kàn ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ imú ọkọ̀ wò lóru
bí ẹni ń wá eyín tó já.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n mú tẹ́ẹ̀pù, ká lọ.
Ọ̀gá Ọ̀nàfúwà l'Átíkòrí kì í fi tẹ́ẹ̀pù wọn nǹkan.
Ó na apá síwájú ọkọ̀, ó pajú dé,
ó ní, "Ìgbọ̀nwọ́ márùn-ún, ìka mẹ́ta."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni òkú ilé ìlagi kan dùbúlẹ̀ sí,
ẹ̀rọ tó ti la ìrókò tí apá ọkùnrin mẹ́rin kò ká.
Ìpẹtà ti bò ó, alángbá ti bímọ síbẹ̀.
Irin tí igi ń gùn lọ sẹ́nu ayùn,
òun ni Ọ̀gá fẹsẹ̀ ta, tó dún gbì, tí kò dún gan-an-gan.
"Èyí," ló wí. "Èyí mọ ìwúwo igi."

Iná gáàsì gé e. Ó sunkún pupa.
Wọ́n tẹ etí rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn
bí etí ajá tí wọ́n bá wí.
Aago mẹ́ta, iná ìjọba lọ.
A mu gàrí, gàrí ilé wa, èyí tó kan, tó ń pa eyín,
omi rẹ̀ tutù ju ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ní láti sọ.
Kí a tó rí jẹnẹrétọ̀ yá lọ́wọ́ ọlọ́ta, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Ọ̀gá ní, "Ọmọ, má wo ojú iná."
Mo wò ó.
Títí di ìdájí ni mo ń rí ìràwọ̀ tútù
lára ògiri, lára ìyá mi,
lórí àwo ìkókóore tí wọ́n gbé fún mi.

Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e lọ́jọ́ kejì, jáàkì méjì ló gbè wọ́n lẹ́yìn.
Ihò mẹ́rin lára ṣaasí, ihò mẹ́rin lára irin:
mẹ́ta bára mu bí ọmọ ìyá,
ẹ̀kẹrin fi ìlàjì ìka yà sọ́tọ̀.
Ọ̀gá bú ihò náà, ó bú ìyá ẹni tó lu ihò náà,
gbogbo wa sì mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló lù ú.
Fáìlì. Òòlù. Fáìlì.
Bóòtù wọlé pẹ̀lú ìró kékeré
bí ẹni gbé ọ̀rọ̀ mì.

Nígbà tí a tú jáàkì, imú ọkọ̀ tẹ̀ síwájú,
Bẹ́dífọ́ọ̀dù àgbà dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo Átíkòrí.
"Ó wúwo," ni Bàámi wí. Ó tún wí i: "Ó wúwo."

Akọ̀wé ọkọ̀ dé pẹ̀lú ọ̀dà funfun, kí la fẹ́ kọ?
Ẹnì kan ní ká kọ Ẹ YÀGÒ.
Ẹnì kan ní ká kọ TA LÓ TÓ BẸ́Ẹ̀.
Múkáílà fi ọ̀pá rẹ̀ ti táyà,
ó fi ẹsẹ̀ tó ṣì ń gbọ́ràn ta irin náà lẹ́ẹ̀kan.
Irin kò mira.
Ó ní, "Ọmọ tó bá sá sọ́nà ńkọ́?"

Ọlọ́ta ń lọ ata lódìkejì títì.
Bàámi san owó ọkọ̀ fún akọ̀wé, ó ní kó máa lọ.

Irin náà wà níbẹ̀ dòní, dúdú, láìní ọ̀rọ̀ kan.
Àwọn ọlọ́kọ̀ gẹdú a máa fọn fèrè lẹ́yìn wa lọ́nà Mámù,
wọ́n á bú wa pé kí la gbé irú irin bẹ́ẹ̀ kọ́rùn
tí a sì ń rìn bí ìgbín.
Bàámi á yọ ọwọ́ jáde lójú fèrèsé,
á jù ú sí wọn pé kí wọ́n máa kọjá.